Ẹnu Ṣòkòtò Ló Ń Sọ Ọdún

Ṣòkòtò ọkùnrin kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n rán an, ẹnu rẹ̀ ni kó wò, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà yọ nísàlẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó bo bàtà mọ́lẹ̀, ìgbà owó epo rọ̀bì ni, láàárín 1970 sí 1979. Èyí tó fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ típẹ́típẹ́, kò tíì pẹ́ púpọ̀, bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni. Èyí tó tún ti ń fẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, àìpẹ́ yìí ni télọ̀ gbé e sílẹ̀. Bùbá tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀ lé e lórí sì lè má tíì yí padà láti ogún ọdún. Bí oge ìgbàlódé ṣe máa ń dé ara mẹ̀kúnnù ọkùnrin nìyẹn: etí aṣọ ló máa ń gbà wọlé.

Mẹ̀kúnnù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni tíṣà, kápẹ́ńtà, dírẹ́bà, akọ̀wé ọ́fíìsì, ọlọ́kadà àti ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀. Kò sí èyí tó lè kó gbogbo aṣọ inú àpótí dànù nínú wọn nítorí pé sítáì tuntun jáde. Aṣọ wọn ní ìrìn àjò tirẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìmúròde, tí wọ́n ń ká sínú báàgì pẹ̀lú káńfọ̀. Bí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí fọ́tò rẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù àwọn ará àdúgbò, á di aṣọ ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn á di aṣọ iṣẹ́ ojoojúmọ́, á wá di aṣọ ilé, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n fà á ya láti fi nu mọ́tò. Nítorí náà, ohun tí ọkùnrin bá wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oge ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn ló sábà máa ń jẹ́. Oge ti kọ́kọ́ ṣe àríyá tirẹ̀ tán kó tó wá ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe òní ni ẹnu ṣòkòtò ti ń jẹ́ ọ̀rọ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921 lẹ́yìn tó ti kú, fara balẹ̀ to oríṣiríṣi ṣòkòtò tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Abẹnugbangba wà lára wọn, èyí tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Orúkọ ọ̀hún ti sọ ara rẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ ní tirẹ̀ gbòòrò ní ìdí, kò sì gùn dé ilẹ̀. Sóóró ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn. Ẹni tó bá wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé ìbú, gígùn àti ẹnu ni àwọn àgbà fi ń dá ṣòkòtò mọ̀ sí ara wọn, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí kan náà sì ni télọ̀ òde òní ń wọ̀n. Ẹ̀wù òkè kò ní irú orúkọ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tálákà. Bùbá wà, dàńṣíkí wà fún iṣẹ́ oko, agbádá wà fún ẹni tó bá ní in. Gbárìyẹ̀ àti dàńdógó jẹ́ ti ọlọ́lá, wọn kò sì kan àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀.

Ìtàn dàńṣíkí yẹ fún ìdúró díẹ̀, nítorí ó fi hàn bí aṣọ iṣẹ́ ṣe lè di oge láìjẹ́ pé ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ mọ̀. Lọ́wọ́ àwọn Hausa ni Yorùbá ti gba orúkọ náà. "Dan ciki" tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí aṣọ abẹ́nú. Kò ní apá gígùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ara ẹni tó ń kọ ebè. Ní 1967, ní àdúgbò Harlem ní New York, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń jẹ́ New Breed bẹ̀rẹ̀ sí rán an tà, ó sì di aṣọ tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà fi ń sọ fún ayé pé Áfíríkà ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Àwòrán aláràbarà tó yí ọrùn àti àyà rẹ̀ ká, tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀ báyìí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Hausa tàbí Yorùbá rárá. Ilé iṣẹ́ Vlisco ní ilẹ̀ Netherlands ló ṣe é ní 1963. Ẹ̀wù tí wọ́n ń bọ́ sí orí ebè ti wọkọ̀ òkun lọ, ó sì ti fi owó ńlá bọ̀. Lónìí, ẹni tó bá wọ ọ́ ní Ìbàdàn, òde ló ń lọ.

Ní Èkó, ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti sọ kóòtù, táì àti àkẹtẹ̀ gíga di ẹ̀rí pé ènìyàn kàwé. Ooru Èkó kò kàn wọ́n. Mojola Agbebi, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń jẹ́ David Vincent tẹ́lẹ̀, yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1894, ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá kiri, títí kan ìgbà tó lọ sí ìlú Òyìnbó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ kóòtù rí i bí ohun àjèjì. Ohun àjèjì ọjọ́un náà ni báńkì àti ilé iṣẹ́ ìjọba ń gba òṣìṣẹ́ wọn láyè láti ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ báyìí.

Àwọn amúnisìn wá mú kaki dé. Ọlọ́pàá, mẹ́sẹ́ńjà àti ọmọ iléèwé ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ṣòkòtò péńpé kaki pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó dé orókún sì di àmì pé ìjọba ló ń san owó oṣù ẹni. Láti ìgbà náà ni àpótí aṣọ ọkùnrin ti pín sí méjì: aṣọ òyìnbó fún iṣẹ́, aṣọ ìbílẹ̀ fún ilé àti òde. Ìpín yìí kò tíì kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ààlà ti ń ṣí.

Àwọn olóṣèlú kò wá ṣòkòtò rárá ní tiwọn. Orí ni wọ́n gbà wọlé. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group bẹ̀rẹ̀ ní 1951, fìlà tí olórí rẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń dé kò pẹ́ di ohun tí gbogbo ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń wá, fìlà Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Fìlà tí Bọ́lá Tinúbú ń dé, tí àmì tó dà bí 8 tó dùbúlẹ̀ wà lára rẹ̀, ti kún orí àtẹ ní ọjà bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Aṣọ tó máa rán fìlà kò ju àjẹkù lọ, nítorí náà fìlà ni oge tó rọ̀ jù fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká agbádá. Gọ̀bì àti abetí-ajá ti wà tipẹ́ ṣáájú òṣèlú, wọn kò sì kúrò. Àwọn kan a máa sọ pé bí ọkùnrin bá gẹ fìlà sọ́tùn-ún, ó túmọ̀ sí báyìí, bó bá gẹ̀ ẹ́ sósì, ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ní òótọ́, ibi tí orí bá gba fìlà sí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gẹ̀ ẹ́ sí.

Ọdún 1970 sí 1979 ni ojú kò ti ọkùnrin rárá láti ṣe oge. Epo rọ̀bì ń mówó wọlé, ìgbìmọ̀ Udoji sì dábàá àfikún owó oṣù ní 1974. Nígbà tí owó ọ̀hún jáde ní 1975, pẹ̀lú èyí tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ akọ̀wé tí kò ní ju ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ rí ra rédíò, ra alùpùpù, wọ́n sì tún rán aṣọ. Léèsì ni wọ́n rán. Ìlú kékeré kan ní Austria tó ń jẹ́ Lustenau ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, àwọn oníṣòwò Èkó sì ń lọ bá wọn níbẹ̀ láti sọ àwọ̀ àti ihò tí àwọn fẹ́ lára aṣọ. Lọ́wọ́ òyìnbó, aṣọ obìnrin ni léèsì. Lọ́wọ́ Yorùbá, ọkùnrin gbà á, ó fi rán bùbá àti ṣòkòtò, kò sì sí ẹni tó fi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ní tiwọn. Bóńgò ni wọ́n ń pe ṣòkòtò tó mú itan pinpin, tó wá fẹ̀ bí agogo láti orókún lọ sísàlẹ̀. Bàtà àpólà ló bá a rìn, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló gbé bàtà náà ga. Ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́lẹ̀, etí ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbó, á máa ya fọ́nrán fọ́nrán, ẹrẹ̀ òjò á sì gun ẹsẹ̀ dé àárín ojúgun. Àpólà gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn bàbá tó rí i nígbà náà sọ pé ayé ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí ni bàbá òde òní, tí wọ́n ń sọ pé ṣòkòtò tó fún mọ́ ọmọ wọn lẹ́sẹ̀ ti ba ayé jẹ́.

Owó epo kò dúró. Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Aṣọ tuntun láti òkè òkun wọ́n gógó, owó oṣù kò sì tẹ̀lé e. Aṣọ òkìrìkà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Láti Òkìrìkà ló ti gba orúkọ, ìlú etí omi kan nítòsí Port Harcourt tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń jí lọ sí ọjà rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó o wọlé tipẹ́, ẹrù sì ń gba Kutonu wọlé láti ilẹ̀ Benin bí ẹni pé kò sí òfin. Bọ́síkọ́nà ni àwọn kan ń pè é, nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kì í fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí i. Ó ní láti bọ́ sí kọ́nà. Ìtìjú ọ̀hún ti tán báyìí. Orúkọ ló kù.

Ní ọjà Kàtáńgúwà ní Èkó, àti ní ọjà òkìrìkà ní ìlú mìíràn, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí bẹ́ẹ̀lì. Ẹrù náà á dúró lórí pèpéle, ó sábà máa ń wọ̀n tó kílò márùndínláàádọ́ta sí márùndínlọ́gọ́ta, okùn rọ́bà líle yí i ká, ó ti fún bí àpò gàrí tí wọ́n tẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ já okùn náà, aṣọ á wú jáde, òórùn oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò á kọlu imú. Àwọn oníbàárà tó ti ń dúró láti aago mẹ́fà ló máa kọ́kọ́ ṣà. Fọ́ọ̀sì síléẹ̀kìsọ̀n ni wọ́n ń pe ìyẹn, owó rẹ̀ sì ga jù. Ọwọ́ wọn yá. Wọ́n á na síìpù wò, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán láàárín itan, wọ́n á yí ẹsẹ̀ rẹ̀ síta láti wo etí ẹnu, wọ́n á gbé e sí ọrùn láti mọ bóyá ìbàdí rẹ̀ bá tiwọn mu. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Tó bá fi máa di ọ̀sán, èyí tó kù á di gbàǹjo, wọ́n á máa pariwo iye owó kan ṣoṣo lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí orúkọ iléèwé kan ní Kánádà wà láyà rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láì ka ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Ohun tí bẹ́ẹ̀lì ṣe sí oge kò hàn sí ẹni tí kò bá wò ó dáadáa. Aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ tó sú u ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà sítáì tó ń bá a bọ̀ máa ń pẹ́ ju ti orí fóònù lọ. Nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ń wá ṣòkòtò tó fún, èyí tó gbòòrò ni bẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, ìbàdí òyìnbó sì ju ti ọmọ tí kò tíì jẹun àárọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà òkìrìkà, àwọn télọ̀ tó ní ẹ̀rọ kan àti àga kan ṣoṣo máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn, wọn kì í rán aṣọ tuntun. Wọ́n ń mú aṣọ wọlé. Wọ́n á gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí inú ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á rán an, wọ́n á gé ìyókù dànù. Lójú ẹsẹ̀, ṣòkòtò tó ti gbó lára ẹlòmíràn á di èyí tó lòde.

Ilé iṣẹ́ aṣọ abẹ́lé tó yẹ kó pèsè aṣọ tuntun dípò òkìrìkà kò lágbára mọ́. Kaduna Textiles ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, Èkó àti Ìkòròdú náà sì ní ilé iṣẹ́ tiwọn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Iná tí kò dúró, ẹ̀rọ tó gbó àti aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí United Nigerian Textiles ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Kaduna ní 2007, ànkárá tí mẹ̀kúnnù ń rà ní ọjà Gbági tàbí ní ọjà Balógun ti ń ti Ṣáínà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ lè sọ nǹkan mìíràn.

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ẹjọ́ oge ti ń parí. Ní bíi ogún ọdún sẹ́yìn, kálẹ́ńdà sítáì ló kún ara ògiri: àwọn ọkùnrin tó dúró ní ìlà lórí ìwé kan, nọ́ńbà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, oníbàárà á nàka sí nọ́ńbà keje. Fóònù ti gba ipò kálẹ́ńdà. Oníbàárà á ṣí WhatsApp, á fi fọ́tò hàn, òṣèré kan tó fara ti mọ́tò funfun. Télọ̀ kì í wo mọ́tò. Á fi ìka méjì fa fọ́tò náà gbòòrò, á wo ọrùn, á wo ibi tí bọ́tìnnì parí sí, á wo bí ẹ̀wù ṣe jìnnà sí orókún, á wá sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹnu ṣòkòtò. Ìgbà yẹn ló máa béèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù.

"Ẹ̀gbọ́n, yáàdì mélòó lẹ mú wá?"

"Mẹ́rin ni."

"Ti inú fọ́tò yìí ju mẹ́rin lọ o. Ẹ jẹ́ ká dín gígùn ẹ̀wù náà kù díẹ̀, ká fi àpò kan sílẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó há mi lẹ́sẹ̀ o."

Yáàdì mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń rà fún ẹ̀wù àti ṣòkòtò. Agbádá pẹ̀lú aṣọ abẹ́ rẹ̀ lè gba tó mẹ́wàá. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ni sítáì Èkó ti máa ń di sítáì Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n rán, aṣọ ni kò tó. Nítorí náà, sítáì tó bá dín yáàdì kù ni mẹ̀kúnnù máa ń gbà kíákíá, òun náà ló sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá ń jẹ aṣọ, lára olówó ló máa gbé kú.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú agbádá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Ebuka Obi-Uchendu, olóòtú ètò Big Brother Naija, wọ agbádá kan tí Ugo Monye rán lọ síbi ìgbéyàwó olórin Banky W ní Èkó. Fọ́tò rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn télọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ orúkọ Ebuka lẹ́nu àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ ju pé àwọn fẹ́ irú ẹ̀. Agbádá tí mẹ̀kúnnù ń rán láti ìgbà náà kò fẹ̀ tó ti àwọn bàbá wọn mọ́. Apá rẹ̀ kúrú, kò nílò kí ènìyàn máa ká a lé èjìká ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò sì gba yáàdì mẹ́wàá. Àwọn àgbà kan ń bínú pé agbádá tí kò lè wọ́lẹ̀ kì í ṣe agbádá. Ó jọ pé wọ́n jàre, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń sanwó aṣọ.

Aṣọ sẹ́nétọ̀ ni ẹ̀rí kejì. Yorùbá ń pe ìjọba olóṣèlú ní ìjọba alágbádá, nígbà tí ìjọba alágbádá sì padà dé ní 1999, aṣọ tó bá a dé kò ní agbádá nínú. Ẹ̀wù gígùn tó dé itan tàbí orókún ni, ọrùn rẹ̀ dúró, àwọ̀ kan ṣoṣo, ọnà díẹ̀ láyà, ṣòkòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́. Orúkọ àwọn aṣòfin ló ń jẹ́. Irú aṣọ kan tí wọ́n máa ń fi rán an tún ń jẹ́ Atíkù lọ́jà, orúkọ ẹni tó ṣe igbákejì ààrẹ láti 1999 sí 2007. Tíṣà tí kò ní dìbò fún èyíkéyìí nínú wọn ti rán méjì. Ó yẹ iṣẹ́, ó yẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó yẹ mọ́sálásí, kò nílò fìlà dandan, yáàdì mẹ́rin sì tó o. Kò sí aṣọ òyìnbó tó lè ṣe gbogbo èyí, kò sì yani lẹ́nu pé kóòtù ti di ti báńkì àti ti ọkọ ìyàwó nìkan ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa oge kì í kà sí: ọkùnrin kì í fi gbogbo ìgbà yan aṣọ fún ara rẹ̀. Àǹkóò ló ń yàn fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń ṣe òkú, ọ̀gá rẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé rẹ̀ ń ṣe àjọ̀dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ àti irú aṣọ tirẹ̀. Ẹni tí kò lè ra gbogbo rẹ̀ á ra fìlà nìkan, wọ́n á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí àpótí ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn ìnáwó àwọn ẹlòmíràn ló máa kà níbẹ̀, ànkárá kan fún òkú kan, léèsì kan fún ìgbéyàwó kan. Bí àwọ̀ kan bá gbòde lọ́dún kan, àwọn obìnrin tó ń yan aṣọ ẹbí ló sábà gbé e jáde. Ọkùnrin rò pé òun ń tẹ̀lé ìgbà ni, ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Àwọn ọ̀dọ́ kò dúró de àǹkóò. Láti nǹkan bí 2010 ni ṣòkòtò pẹ́ńṣé ti gba ìgboro, jíǹsì tàbí ti télọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sí íǹṣì mẹ́rìnlá, nígbà tí ti ìbílẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gìgísẹ̀ ló dá wọn dúró níbẹ̀; bí aṣọ kò bá ń fà, ìwọ̀n tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ẹsẹ̀ kò ní lè gba ibẹ̀ jáde. Àwọn kan tún ń fà á sílẹ̀ lábẹ́ ìdí. Ní báyìí, ó ti ń fẹ̀ padà, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà bóńgò sì ń wá jíǹsì gbòòrò kiri nínú bẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń sá fún. Up-and-down náà gbòde, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò àdìrẹ kan náà, nígbà mìíràn ṣòkòtò péńpé, pẹ̀lú sálúbàtà. Àdìrẹ yìí ni ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó wà lára àwọn ọmọ náà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kò rí aró rí. Ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀wù àti ṣòkòtò ànkárá kan náà ti wà lára àwọn ọkùnrin tipẹ́. Bọ̀mbá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹni tó bá ti dé Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ kò ní sọ pé Èkó ló dá up-and-down sílẹ̀.

Àwọn télọ̀ tó ń mú aṣọ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ti wá bọ́ sínú ìṣòro. Ìgbà tí ṣòkòtò gbòòrò di èyí tó fún, ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ tó o. Ìgbà tí èyí tó fún fẹ́ di gbòòrò, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ti gé ìyókù dànù lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Èyí tí télọ̀ àtijọ́ rán kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán àti ní ìṣẹ́po ẹnu, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ máa dàgbà, bàbá sì máa sanra. Ẹni tó bá ń gbé aṣọ lọ rán lọ́sẹ̀ yìí, kó bẹ télọ̀ rẹ̀ kó fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò ní bu owó rírán lé e.